Màámi fẹ́ kí a sàmì fún ọmọ, ọkọ mi ní ó di ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ẹ bá mi dá sí i

ÌyáTèmi (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A bí ọmọbìnrin, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi, Onítẹ̀bọmi ni wọ́n láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí à ń fẹ́ra wa sọ́nà, ohun tí a máa ń sọ ni pé Jésù kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Ìsọmọlórúkọ kò dá ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n gbé oyin, iyọ̀ àti omi kalẹ̀, pásítọ̀ wọn gbàdúrà, àlùfáà wa náà gbàdúrà, àwọn ìyá méjèèjì fún ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu.

Àfi ìgbà tí màámi pè lórí fóònù tí wọ́n ní, "Ọjọ́ wo lẹ mú fún ìsàmì?" Ọkọ mi rọra dáhùn pé àwọn kì í ṣe é fún ọmọ ọwọ́, pé a ó gbé e lọ síwájú ìjọ, wọn yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò fi í fún Olúwa. Tó bá dàgbà tó sì gba Jésù fúnra rẹ̀, yóò wọ inú omi. Màámi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Wọn kì í pariwo, wọ́n kàn ń sunkún ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá wọ́n sọ gbólóhùn kan tí mi ò tíì rí ìdí rẹ̀: "Ọmọ tí kò ní àmì, ta ni yóò sìn ín dé ibojì?"

Ọkọ mi kì í ṣe alágídí, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bú u níbí. Màámi náà kì í ṣe oníyọnu. Ṣé ẹnì kan ti bá irú èyí pàdé rí? Ṣé a lè ṣe méjèèjì?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ewu ọmọ o, Mummy Tèmi. Olúwa yóò dá a sí fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín yé mi, torí inú irú ìjọ kan náà la ti jáde. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbàgbọ́ ló ń ṣíwájú omi. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8: ìwẹ̀fà ará Etiópíà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó ní, "Wò ó, omi rèé." Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Ní ti ọmọ ọwọ́, Hánà là ń wò, tó gbé Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò, àti Jósẹ́fù pẹ̀lú Màríà tí wọ́n gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì. Òbí ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọmọ.

Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí mo ṣe tèmi. A kọ́kọ́ dúró níwájú ìjọ, oníkálùkù jẹ́rìí bó ṣe mọ Olúwa, ohùn mi ń gbọ̀n. Wọ́n ti ṣí pákó ilẹ̀ iwájú àga ìwàásù, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ni mo wọ̀. Omi dé àyà mi, ó tutù rinrin. Pásítọ̀ bi mí léèrè, mo dáhùn, ó gbá ẹ̀yìn mi mú, mo lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tí màá fi jáde, orin ti gba gbogbo ilé. Mo ti pé 46 báyìí, mo ṣì lè nàka sí ibi tí ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ọkọ yín ń wá fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn, kó ní ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa rántí. Ẹ bá a fi sùúrù ṣàlàyé fún Màámi.

Tíṣà_Àgbà

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọdún 31 ni mo fi ṣe kátíkíìsì, ní oko àti ní ìlú, kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀rí arákùnrin yìí dùn mọ́ mi gan-an, mi ò sì ní bá a jiyàn. Àmọ́ kí ẹ má rò pé àwa kàn ń da omi sí ọmọ lórí lásán.

Ẹ wo orúkọ tí oníkálùkù ń pè é. Àwọn ní ìtẹ̀bọmi, torí wọ́n ń tẹ ènìyàn bọ omi. Àwa ní ìsàmì. Lẹ́yìn tí àlùfáà bá da omi sí ọmọ lórí ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́, á fi ìka ya àgbélébùú sí i níwájú orí. Àmì tí à ń wí nìyẹn. Kí àgùntàn tó mọ ẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé Àdúrà wa ní kí ọmọkùnrin ní bàbá ìsàmì méjì àti ìyá ìsàmì kan, kí ọmọbìnrin ní ìyá ìsàmì méjì àti bàbá ìsàmì kan. Àwọn ni wọ́n ń bi léèrè, àwọn ló sì ń bá ọmọ dáhùn. Onígbọ̀wọ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá ti dúró rí fún ẹni tó yá owó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé ẹni tó lè gbé àpò ìrẹsì wá ni àwọn òbí ń yàn, tí ẹni náà kò sì ní bẹ ọmọ wò mọ́ títí tó fi máa gbéyàwó.

Tí ọmọ bá wá dàgbà, dandan ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ohun tí wọ́n bá a gbà. Ìgbọ́wọ́lé nìyẹn. Ní ibi tí mo ti sìn, oṣù mẹ́fà là ń fi kọ́ wọn nírọ̀lẹ́: Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa, àti ohun tí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́wọ́ lé wọn, torí náà ní àwọn ìjọ oko, a lè dúró fún ọdún méjì kó tó yà sí ọ̀dọ̀ wa. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú kíláàsì mi nígbà kan tí kò mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń ka ìdáhùn fún un lójú ọ̀nà oko, òun á máa sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí a yẹ̀ wọ́n wò, òun nìkan ni kò ṣi gbólóhùn kan. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí, ó wó lulẹ̀, ẹkún ló ń sun. Ìyàwó mi ló dì í mú lọ sí àga rẹ̀.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gba ìpinnu lọ́wọ́ ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ kò tíì débi omi. Lọ́dọ̀ tiwa, omi ti kan ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ là ń dúró dè.

Ó ku ohun kan, ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ lọ́jọ́ Ẹtì ló mú mi rántí rẹ̀. Nínú Ìwé Àdúrà àtijọ́, ìlànà kan wà níbẹ̀rẹ̀ ìsìn ìsìnkú. Ó ní kí wọ́n má ka ìsìn náà fún ẹni tó kú láìgba ìsàmì, fún ẹni tí ìjọ ti yọ kúrò, àti fún ẹni tó pa ara rẹ̀. Àwa tí a dàgbà nínú rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ lọ jókòó ti Màámi, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti sin ọmọ rí.

Adéọlá_Ègbá

Àmín sí ọ̀rọ̀ Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí Abẹ́òkúta ni mo wà.

Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 kò gba ìsàmì lọ́wọ́ òbí kankan. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825 ni wọ́n sàmì fún un ní Sàró (Sierra Leone), lẹ́yìn tó ti kàwé tó sì ti gbàgbọ́, ibẹ̀ ló ti di Samuel Crowther, ẹni tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, níbí, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 20 tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n sàmì fún nílùú yìí, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, bí orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹ wò ó: ọmọ ló ṣíwájú ìyá dé ibi omi!

Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé àgbà ni púpọ̀ nínú ìran àkọ́kọ́ yẹn. Ìta ni wọ́n ti wọlé, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wá. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n bí sínú ilé. Ìbéèrè àwọn Onítẹ̀bọmi dá lórí ẹni tó ń wọlé. Ìbéèrè àwọn Áńgílíkà dá lórí ọmọ tó jí lọ́jọ́ kan tó rí i pé inú ilé lòun wà. Mi ò rò pé ìbéèrè kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ wá orúkọ òyìnbó fún ìsàmì. Mojola Agbebi, tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi, David Brown Vincent ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ó pa orúkọ náà tì ní 1894. Orúkọ tí ẹ fún ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ tó.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Ìjọ Àgùdà (Kátólíìkì) ni mo wà, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sì ni mí.

Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ bá wà lẹ́nu ikú, ẹnikẹ́ni lè sàmì fún un. Omi, orúkọ Mẹ́talọ́kan, àti ọkàn tó fẹ́ ṣe ohun tí ìjọ ń ṣe, ó tó. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ tí oyún rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tí ìyá rẹ̀ bí ní aago méjì òru. Kò sí fádà nítòsí, òjò sì ń rọ̀. Ìyá náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ṣe é." Mo bu omi sínú ife, mo da díẹ̀ sí i lórí, mo pe orúkọ tí ìyá fún un. Ọmọ náà kò pé wákàtí kan láyé. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìyá náà ṣì máa ń pè mí lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún.

Kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Kí àwọn fádà tó wá jókòó sí Èkó ní 1868, Pa Antonio, ẹni tó ti Brazil padà wá lẹ́yìn oko ẹrú, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Kì í ṣe fádà. Òun ló ń sàmì fún ọmọ wọn, òun ló sì ń dúró ti ẹni tó ń kú lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí o, Mummy Tèmi. Ìjọ wa kò kọ́ni pé ọmọ tí kò tíì gba ìsàmì ti ṣègbé. Ọwọ́ àánú Ọlọ́run la fi wọ́n sí. Àdúrà ìsìnkú sì wà fún ọmọ tí òbí rẹ̀ fẹ́ sàmì fún tí ikú fi ṣíwájú. Mi ò mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn Màámi, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè bí Bàbá ṣe wí.

Aládùúrà_Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Kérúbù àti Séráfù ni wá. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ta ló bá ìyá dúpẹ́? Lọ́dọ̀ wa, tí ogójì ọjọ́ bá pé, ìyá àti ọmọ á wọ funfun wá sílé Ọlọ́run, ìjọ á gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Ìyá ti lọ sójú ogun ó sì ti bọ̀. Mo rò pé àwọn ìjọ ńlá ti jẹ́ kí èyí sọnù.

Tíṣà_Àgbà

Òótọ́ ni, arákùnrin mi. Ó wà nínú Ìwé Àdúrà tiwa náà, ìdúpẹ́ obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, pẹ̀lú Sáàmù 116 tàbí 127. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan kì í padà sí ṣọ́ọ̀ṣì láìṣe é. Báyìí wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ ìdúpẹ́ gbogbo ìjọ, wọn á jó wọ iwájú, wọn á sọ owó sí àwo, ó tán. Ó yẹ kí a dá a padà.

Ọ̀dọ́_Òṣogbo

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dùn, àmọ́ àwọn kan nínú wa ni ìjọ tì mọ́ta lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wa lọ́jọ́ Ìsinmi méjì, ó ku ẹ̀kẹta. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ náà, wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò oyún. Oyún wà. A ti dẹ́ṣẹ̀, mi ò jiyàn, a kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fagi lé Sátidé tí a ti pín ìwé ìpè rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n so wá pọ̀, ní yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń wọṣọ, ní aago méje àárọ̀. Kò sí ìbòrí funfun, kò sí ẹgbẹ́ akọrin, agogo kò dún. Bàbá mi dúró síta, wọ́n ní àwọn kò lè wo ojú mi nínú yàrá yẹn.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà mo bímọ. Ìjọ kan náà wá sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ pẹ̀lú ìlù àti ijó. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Wọ́n gba ọmọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Mo ṣì ń dúró kí ẹnì kan gba èmi.

Tíṣà_Àgbà

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ nǹkan.

Ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta kò sí fún ìtìjú. Ó wà kí ẹni tó bá mọ ìdènà lè sọ ọ́, bóyá ọkọ ti ní ìyàwó alárédè níbòmíràn. Ìdí kan náà ni ìjọba fi ń fi orúkọ sára ògiri fún ọjọ́ 21 kó tó fúnni ní ìwé. Oyún kì í ṣe ìdènà. Èmi fúnra mi ti tẹ̀ lé irú àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé tábìlì wọ yàrá, mo tan àbẹ́là kan, mo sì rò pé mò ń dáàbò bo ilé Ọlọ́run. Mo rántí ojú àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Ojú yẹn kì í ṣe ojú ìyàwó. Mi ò lè tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ tìrẹ, ṣùgbọ́n mo tọrọ ti èmi. Má bínú, ọmọ mi.

Ọ̀dọ́_Òṣogbo

Ẹ ṣé, sà. Kò sẹ́ni tó ti sọ ọ́ fún mi rí.

Ìjẹ̀ṣà_Òṣèré

Ẹkún ni mo fi ka èyí ní ìdájí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá bàbá mi.

Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n ní kí ìhìnrere tó kàn wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àga tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó lé, fún ohun tó ju 40 ọdún lọ. Pákó tí wọ́n fi ṣe òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn ló fi tọrẹ. Wọ́n sàmì fún àwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sàmì fún gbogbo ọmọ, wọn kò sàmì fún Bàbá. Ìdí ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó ṣe ìpàdé wọn ní Lambeth, ní London, ní 1888 ti pinnu pé kí wọ́n má sàmì fún ọkùnrin tó bá ṣì ní ju ìyàwó kan lọ. Kí wọ́n máa kọ́ ọ ni, títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Ní èdè mìíràn, kí Bàbá lé méjì jáde pẹ̀lú ọmọ wọn. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ tuntun wẹ ti àtijọ́.

1979 ni wọ́n kú. Òkú wọn kò wọ abẹ́ òrùlé tí wọ́n fi pákó wọn ṣe. Inú àgbàlá wa ni kátíkíìsì ìgbà náà ti wá gbàdúrà, ó kánjú, ó lọ. Ó di 1988 kí ìpàdé Lambeth tó yí i padà. Wọ́n ní kí wọ́n gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ tó bá gbàgbọ́, bó bá ti lè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Ọdún 100 gééré. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni Bàbá fi pàdánù rẹ̀.

Ìdí tí àwọn kan fi kúrò láti lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn tó dá United African Methodist Church ti Ẹlẹ́jà sílẹ̀ ní Èkó ní 1917, ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí ló lé wọn jáde.

Mi ò sọ pé kí ìjọ fọwọ́ sí olórogún. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsàmì, ìgbéyàwó, ìsìnkú, okùn kan náà ló so wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá já a níbì kan, ó já lọ títí dé ibojì ni.

Akin_Peckham

London ni mo ti ń kà yín. Ọ̀rọ̀ ibojì yìí kàn mí, torí a sin màámi níbí lọ́dún tó kọjá.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ìdákẹ́rọ́rọ́. Nílé, àìsùn á kọ́kọ́ wà, wọn á kọrin mọ́jú, lọ́jọ́ kejì ìsìn, lẹ́yìn náà ibojì, lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìjọ á dúró tì ẹ́. Níbí, a dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àyè tó yọ, wọ́n sì fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé àdúrà itẹ́ òkú. Ìdílé mìíràn ti ń dúró síta. Àlùfáà òyìnbó náà ṣe dáadáa, ó tilẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ màámi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ló gbà mí là. Wọ́n kó ara wọn wá sílé lálẹ́, obìnrin 14, wọ́n gbé Ìwé Orin dání, wọ́n kọrin títí aládùúgbò fi kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ bínú ni. Ó ní òun fẹ́ wọlé jókòó díẹ̀.

Mummy Tèmi, kí ni Màámi sọ?

ÌyáTèmi (Ìbàdàn)

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní Sátidé. Mo gbé ọmọ dání, ọkọ mi ló wa mọ́tò.

Mo dúró dìgbà tí a parí oúnjẹ, mo bi wọ́n bí Tíṣà ṣe wí. Màámi wo ọkọ mi, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Ọmọ ọdún 38 ni mí o. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Abúlé kan ni wọ́n ń gbé nígbà náà, bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Àlùfáà kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù mẹ́ta. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Títílayọ̀. Wọ́n ń dúró de àlùfáà fún ìsàmì, Màámi ti ran aṣọ funfun rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àlùfáà dé ni ibà mú ọmọ náà, ọjọ́ kejì ló lọ. Oṣù márùn-ún ni. Wọ́n ní kò sí ìsìn tí wọ́n lè kà fún un. Agogo ìjọ kò dún. Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n sọ fún Màámi pé òbí kì í mọ ibojì ọmọ, kí wọ́n má tẹ̀ lé àwọn, kí wọ́n má sunkún jù, òmíràn ń bọ̀.

Màámi ní, "Mo mọ ibẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé."

Aṣọ funfun náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí wọn. Aṣọ yẹn ni wọ́n wọ̀ fún mi nígbà tí wọ́n sàmì fún mi. Òun ni wọ́n ń fẹ́ wọ̀ fún Tèmi.

Ọkọ mi dìde, ó jáde síta, ó pẹ́ kó tó wọlé. Nígbà tó wọlé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màámi. Kò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Àkúrẹ́

Olúwa ṣàánú. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá wa kí Màámi.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Mummy Tèmi, mo ní kí ẹ ṣàlàyé fún Màámi. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dárí jì mí.

Ìgbàgbọ́ mi lórí ìtẹ̀bọmi kò yí padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbàgbé Títílayọ̀.

Tíṣà_Àgbà

Ẹ lọ bá Fíkà ìjọ Màámi. Ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún wa yìí gẹ́lẹ́. Kò sí ìlànà tó ní kí àlùfáà má lọ gbàdúrà ní ẹ̀yìnkùlé.

ÌyáTèmi (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá.

Ọkọ mi ló pe Fíkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì ju ọdún 35 lọ. Ó ní òun yóò bá wa dé abúlé náà. Ilé àwọn tíṣà ti wó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti kú tipẹ́, àmọ́ Màámi rìn tààrà lọ sí ibi kan, wọ́n dúró. Fíkà wọ aṣọ àlùfáà rẹ̀ níbẹ̀, nínú oòrùn. Ó ka Sáàmù 23, ó gbàdúrà, ó pe orúkọ Títílayọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bu erùpẹ̀ fún Màámi, Màámi dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú ọ̀nà tí à ń padà, ó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀ṣì kékeré abúlé náà, ó bá alákòóso ibẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n lu agogo. Màámi jókòó nínú mọ́tò, wọ́n ń ka á. Mi ò mọ iye tó jẹ́.

Ní ti Tèmi: ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni a ó gbé e lọ síwájú ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi ní àwọn ń bọ̀, pásítọ̀ sì ti ní àwọn ni yóò gbé ọmọ lé òun lọ́wọ́. Lórí ìsàmì, Màámi ní kí a má tìtorí tàwọn ṣe é mọ́, pé ara ti tu àwọn.

Ó wá jẹ́ pé èmi gan-an ni mò ń fẹ́ ẹ báyìí. Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun gbàdúrà sí i, mo sì ti fún un. A kò tíì parí rẹ̀. Aṣọ funfun náà wà lọ́dọ̀ mi, Màámi fún mi kí n tó kúrò. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sá a sínú ilé kí oòrùn má bàa gbó o.

Akin_Peckham

Ẹ wọn Tèmi wò kí aṣọ náà tó fún un o. Oṣù mẹ́rin kì í dúró.

ÌyáTèmi (Ìbàdàn)

Mo ti wọ̀ ọ́ fún un lálẹ́ àná. Ó ṣì gbà á, ó ku díẹ̀ lápá.